Ọmọ Ọmọ Tí Ogún Kò Kàn: Àsọọ́lẹ̀ àti Wákáfù

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

  

 Ọ̀rọ̀ ogún ni alága ní kí n sọ lónìí. N kò ní ka gbogbo ẹ̀kọ́ ogún fún yín, àwọn àfáà tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ jókòó síbí. Ibi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, ìyẹn ibi tó ń kó ọmọ òrukàn wá sí ọ́fíìsì wa.

Obìnrin kan wá bá wa pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Bàbá ọkọ ni ó ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ilé rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí bàbá yìí kú, wọ́n pe àfáà, wọ́n pín ogún, kò sí kọ́bọ̀ tó kan àwọn ọmọ náà. Obìnrin náà ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Mo bi í léèrè títí, mo rí i pé kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Àfáà náà pín in bó ṣe yẹ. Nínú ẹ̀sìn wa, bí olóògbé bá ní ọmọkùnrin láàyè, ọmọkùnrin yẹn ti dí ọmọ ọmọ lọ́nà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kù sí lọ́wọ́, kí Ọlọ́hun forí jìn ín, ni bàbá àgbà tó fẹ́ràn wọn tí kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà Yorùbá sàn ju èyí lọ, nítorí pé ọmọ a máa dúró sí ipò bàbá rẹ̀ tó ti kú níbi ogún. Ẹ má yára sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun kò gbàgbé wọn. Súrátù Bákárà, áyà 180, sọ̀rọ̀ nípa àsọọ́lẹ̀ fún ìbátan. Súrátù Nísáì, áyà 8, ní kí a fún ìbátan, ọmọ òrukàn àti aláìní tó bá wà níbi ìpín ogún ní nǹkan. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, òfin 71 ti ọdún 1946 sọ irú àsọọ́lẹ̀ yìí di dandan fún ọmọ ọmọ tí òbí rẹ̀ ti kú. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọwọ́ onílé ló wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Alájì kan kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ kẹta ti kú ṣáájú rẹ̀, ó sì bí ọmọ. Lẹ́yìn ìsìnkú àti gbèsè, ó ku mílíọ̀nù 12 náírà. Bí kò bá sí àsọọ́lẹ̀, ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba mílíọ̀nù 4.2, ọmọbìnrin gba 2.1. Àwọn ọmọ òrukàn kò gba nǹkan kan. Ká ní bàbá wọn wà láàyè, mílíọ̀nù 3 ni ì bá kàn án. Bàbá àgbà lè kọ mílíọ̀nù 3 yìí gan-an fún wọn, nítorí pé wọn kì í ṣe ajogún, kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, tí í ṣe mílíọ̀nù 4. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni Ànábì fi ààlà sí fún Sádì ọmọ Abí Wákáásì, tó tún sọ pé ó pọ̀. Mílíọ̀nù 9 tó kù ni àwọn ajogún yóò pín. Ẹni tó jẹ́ ajogún, bí ìyàwó tàbí ọmọ, a kì í kọ àsọọ́lẹ̀ fún un àfi tí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tó jókòó papọ̀. Kí ẹni tí ẹ kọ nǹkan fún tàbí ìyàwó rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òfin ìjọba yóò gba ohun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ní 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ pé òfin ẹ̀sìn kò de Mùsùlùmí tó kọ ìwé ìhágún lábẹ́ òfin ìjọba. Nítorí náà lọ́yà lè kọ ohun tí Ọlọ́hun kò fẹ́ fún yín, kóòtù sì lè gbà á. Ẹ jẹ́ kí àfáà kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n àsọọ́lẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Owó gọbọi tó bá sì dé lẹ́ẹ̀kan náà lè tán kí àwọn ọmọ tó parí ilé ìwé. Ibí ni wákáfù ti wúlò. Ùmárù ọmọ Katáàbù ní ilẹ̀ kan ní Khaybar. Ànábì ní kó di ìdí ilẹ̀ náà mú, kó fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Wọn kò ní tà á, wọn kò ní fi tọrẹ, wọn kò ní jogún rẹ̀. Aláìní, ìbátan, arìnrìn-àjò àti àlejò ń jẹ nínú èso rẹ̀. Ó tún kọ ìwé pé bí òun bá kú, Hafsat ọmọ òun ni kó máa bójú tó o. Ẹ wò ó dáadáa: wákáfù ni ilẹ̀ náà, àsọọ́lẹ̀ ló fi yan alábòójútó. Ó lo méjèèjì papọ̀.

Bàbá àgbà tí mo sọ lókè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Ó lè fi ọ̀kan ṣe wákáfù nígbà tí ara rẹ̀ le: kí owó rẹ̀ máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ọmọ òrukàn nínú ẹbí, bí kò bá sì sí mọ́, kó di ti ọmọ òrukàn àdúgbò. Ṣùgbọ́n kó gbé e kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀ o. Ní mázhábì Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, bí ẹ bá pe ṣọ́ọ̀bù ní wákáfù, tí ẹ̀yin náà ń gba owó rẹ̀ sápò títí ẹ fi kú, ó ti padà di ogún. Èyí tí ẹ bá ṣe lórí àìsàn tó pa yín, inú ìdá kan nínú mẹ́ta náà ni wọn yóò kà á sí. Ẹ fà á lé alábòójútó lọ́wọ́, kó ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì. Ẹ ṣe ìwé ilẹ̀ rẹ̀, kí ìyọ̀ǹda gómìnà wà nínú rẹ̀ lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978. Ó dára kó wà lórúkọ àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí pé ẹnì kan lè kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní ti bàbá àwọn ni. Ẹni tó fẹ́ fi wákáfù yọ ọmọ obìnrin kúrò nínú ogún, kó má wá bá mi.

Kí àsọọ́lẹ̀ yín wá dárúkọ wákáfù náà, pé kò sí lára ogún. Kó sọ ẹni tí yóò bójú tó o lẹ́yìn alábòójútó àkọ́kọ́. Nínú ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn, ẹ lè yọ díẹ̀ kún un fún àtúnṣe òrùlé. Kó dárúkọ gbèsè yín, sàká tí ẹ kò ì san àti sàdáákì ìyàwó tó ṣẹ́kù, àti ẹni tí yóò di owó àwọn ọmọ kéékèèké mú títí wọn yóò fi lóye.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wà ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kó mú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wá, àti orúkọ gbogbo ọmọ tó bí, títí kan èyí tó ti kú.