Tí Màmá Bá Ń Mí Hẹlẹ, Ẹ Má Pè É Ní Ara Àgbà Lásán

Màmá mi ti lé ní 60 ọdún, wọ́n sì ní ásímà. Tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń mí hẹlẹ, wọ́n á ní, "Ara àgbà ni." Mi ò gbà. Lóòótọ́, bí a ṣe ń dàgbà, àyà á máa le, ẹ̀dọ̀fóró ò sì ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àgbàlagbà lè má tètè mọ̀ ọ́n lára pé èémí òun ti ń dínkù.

Oògùn míì náà tún wà ńbẹ̀: timolol tí wọ́n ń kán sójú nítorí glaucoma, tàbí propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, lè mú kí ọ̀nà èémí fún. Ẹ ya fọ́tò gbogbo oògùn òbí yín, kí ẹ fi han dókítà. Kí wọ́n má ṣáà dá a dúró fúnra wọn o.