Ẹ Máa Wo Ẹ̀yìn Ọmọ: Ọ̀rọ̀ tí Olùkọ́ kan sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹ̀ka Ìbàdàn

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn ọmọ wa. Èmi kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ni mí, ṣùgbọ́n olùkọ́ a máa rí ohun tí ó pamọ́ fún òbí, nítorí ọ̀sán gangan ni ọmọ ń wà lójú wa.

Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn olúkúlùkù wa ni okùn kan wà, tí ó rọ̀ bí mùdùnmúdùn, tí ó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, sí àpò ìtọ̀ àti sí ìfun. Nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlẹ̀, pẹlẹbẹ ni okùn yìí wà. Lẹ́yìn náà ni yóò ká jọ bí ẹní, tí etí rẹ̀ méjèèjì yóò sì pàdé. Kí ọlẹ̀ náà tó pé ọjọ́ 28, iṣẹ́ yẹn ti parí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun lóyún. Bí etí méjèèjì kò bá pàdé dáadáa, ibẹ̀ ni àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní spina bifida ti ń wá.

Irú èyí tí ó hàn gbangba kò ní pẹ́ wa. Bí ọmọ bá ti délẹ̀ ni a ó rí kókó rírọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn tí omi ń sun jáde níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú aboyún lè rí i láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, nítorí náà kí aboyún má ṣe rò pé torí kí a lè mọ̀ bóyá akọ tàbí abo ni a ṣe ń ya àwòrán náà. Bí a bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí a dà á dojú bolẹ̀, kí a fi aṣọ mímọ́ bo ibẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kò gbọdọ̀ sí òrí, kò gbọdọ̀ sí àgbo, kò gbọdọ̀ sí omi gbígbóná lórí kókó náà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa fẹ́ láti dí i láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí kòkòrò àrùn tó wọ ibẹ̀. Wọn yóò sì máa fi téèpù wọn orí ọmọ náà, nítorí omi a máa gbára jọ sínú ọpọlọ irú wọn.

Àwa ará Ìbàdàn kò ní àwáwí. Ní 1957 ni wọ́n ṣí UCH. Ní 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, dé sí ibẹ̀ láti Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Howard àti ní Michigan. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. (Akéwì ni ọkùnrin náà pẹ̀lú.) Ó kú ní 1974, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ kò kú.

Àwọn baba wa a máa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òòṣà. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ náà dára púpọ̀. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan gẹ́gẹ́ bí ìdí tí a kò fi gbé ọmọ lọ síbi tí a ó ti tọ́jú rẹ̀, inú mi kò sì dùn sí i.

Irú kejì ni ó mú mi dìde lónìí. Awọ bò ó. Ọmọ a ké bí a bá bí i, a mu ọyàn, a rìn pàápàá, ẹnikẹ́ni kò sì fura. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń ga ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń gùn, ó sì yẹ kí okùn inú rẹ̀ lè máa yọ̀ gòkè. Bí ọ̀rá tàbí iṣan líle bá ti so ìdí okùn náà mọ́lẹ̀, bí ọmọ ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ni yóò rí: bí ọmọ bá ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni okùn ń le koko. Ẹsẹ̀ kan a bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, àtẹ́lẹsẹ̀ a yí, ìtọ̀ a máa já. Iṣẹ́ abẹ lè tú okùn náà sílẹ̀, kí ìbàjẹ́ má bàa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n agbára tí ó ti lọ pátápátá kì í sábà padà. Ìdí nìyí tí ọdún kan fi jẹ́ ohun ńlá.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ jókòó tì nítorí òórùn ìtọ̀. Wọ́n ti nà án nílé. Wọ́n ti so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí. Ọ̀sán gangan ni ìtọ̀ náà ń kán, bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì máa ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú aṣọ rẹ̀, irun ṣùṣù kan wà ní ìbàdí rẹ̀, tí ìdílé ti mọ̀ láti ọjọ́ ìkómọ, tí wọ́n sì ń pè ní àmì orí ire.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ jòjòló, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń rí ẹ̀yìn ọmọ. Àwọ̀ aró tí ó máa ń wà ní ìdí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í ṣe àìsàn. Kòtò kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ìdí, kì í sábà ní ewu. Ṣùgbọ́n bí kòtò bá wà lókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí irun ṣùṣù, kókó rírọ̀, tàbí àpá pupa wà láàárín ẹ̀yìn, ẹ fi han dókítà. Ọmọ tí ó sì dàgbà tí ìtọ̀ ń já lọ́sàn-án, tàbí tí ó ti mọ ìtọ̀ọ́ dá dúró tẹ́lẹ̀ tí ó tún wá bẹ̀rẹ̀, ẹ má nà án. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń tọ̀ sórí ẹní lóru kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Èyí tí ó bá ẹsẹ̀ yíyí tàbí ìgbẹ́ gbígbẹ rìn ni kí ẹ fura sí.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, egungun ọmọ kò tíì le, nítorí náà ẹ̀rọ kan náà tí a fi ń wo aboyún lè wo inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán, tí owó rẹ̀ sì pọ̀. Fọ́tò X-ray ń fi egungun hàn, kì í fi okùn inú rẹ̀ hàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í tù yín nínú. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Oni Memorial ní Ring Road, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí UCH.

Ní ti ìdènà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ìlú Ọba ní 1991 fi hàn pé oògùn folic acid, bí obìnrin tí ó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí bá ń lò ó kí ó tó lóyún, dín àtúnṣẹlẹ̀ rẹ̀ kù ní 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó tó lóyún ni mo wí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, 400 máíkírógírámù lójúmọ́ ni; ẹni tí ó ti bí irú rẹ̀ rí, kí dókítà wọn tirẹ̀ fún un, nítorí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alága, mo ní àbá kan. Kí ẹgbẹ́ ra téèpù tí a fi ń wọn orí ọmọ fún ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa, kí a sì san owó ọkọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa wo ẹ̀yìn àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Téèpù kan kò tó owó páànù kan nínú èyí tí a fẹ́ fi kan òrùlé gbọ̀ngàn ìlú. Mo fẹ́ kí a dìbò lórí rẹ̀ lónìí, kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn.