KÍ LÓ DÁ OWÓ ÓFÁTÁÌMÙ WA DÚRÓ?
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)



Ní oṣù tó kọjá, owó ófátáìmù wa fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́. Àwọn ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà ló dákú. Èmi ní, kí ló dé sí i? Mo lọ bá akọ̀wé tó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì là mí lọ́yẹ.

Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n kó iṣẹ́ mẹ́ta sí: owó oṣù, ọjà inú sítọ́ọ̀, àti ìrìn mọ́tò. Linux ló ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀nténà. Kì í ṣe ti Àpápá o! Ẹ fi wé ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Olúkúlùkù ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kò sì rí inú yàrá ẹnìkejì. Namespace ni orúkọ ògiri yẹn. Ṣùgbọ́n nínú táǹkì kan náà ni gbogbo ilé ti ń pọn omi. Bí ẹnì kan bá pọn dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá ní ìdájí, kí ni ará ilé yóò fi wẹ̀?

Ìdí nìyí tí cgroup fi wà. Àwọn ẹnjiníà Google ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Ó wọ inú Linux ní 2008. Òun ló ń wọn omi fún yàrá kọ̀ọ̀kan: ìrántí ẹ̀rọ tó báyìí, àkókò ọpọlọ ẹ̀rọ tó báyìí. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ mu ìrántí kọjá ìwọ̀n tirẹ̀, inú yàrá tirẹ̀ ni Linux yóò ti pa á. Ti àwọn yòókù á máa lọ.

Tiwa ńkọ́? Ògiri wà, òṣùwọ̀n kò sí. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ mu ìrántí tán, Linux wá èyí tí yóò pa, ó sì bọ́ sórí iṣẹ́ owó wa.

Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ènìyàn ni kò fi ààlà sí i. Nítorí náà, ohun méjì la ó béèrè lọ́wọ́ mánéjà: kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ààlà tí a kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ya ìrántí sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ owó oṣù, tí iṣẹ́ mìíràn kò ní lè fọwọ́ kàn. Cgroup lè ṣe méjèèjì, kò sì sí ẹ̀rọ tuntun tí wọn yóò rà.

Bí wọ́n bá tún ní kọ̀ǹpútà dákú, ẹ má kàn mi orí. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló yẹ kó fi ààlà sí i?

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.