Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ẹni tí A Dá Lóhùn

A ní kí n sọ̀rọ̀ lórí olóògbé Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ó papò dà ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 2017. Èmi kò bá a tan, n kò sì bá a ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo jẹ́ nínú àìmọye ènìyàn tí wọ́n fi etí gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1935, inú àpótí kékeré tí a fi wáyà so mọ́ ilé ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, àwọn bàbá wa sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu, ìkìlọ̀ sì ni pẹ̀lú. Àlọ́ tiwa kì í rìn láìsí èsì: bí apàlọ́ bá ní “Ààlọ́ o,” tí ilé sì dákẹ́ lọ gbári, yóò ká ẹní rẹ̀, yóò wọlé lọ sùn. Báwo wá ni ẹni tí kò rí wa, tí kò sì gbọ́ wa, ti ṣe fi ọ̀rọ̀ mú wa lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Àkúrẹ́, ìyá bàbá mi a máa jókòó ti rédíò lálẹ́. Bí ohùn kan bá ti Ìbàdàn ké ewì dé ibi tí ó wọ̀ ọ́ lára, màmá a ní, “Hẹn-ẹ́n! Òótọ́ ni, ọmọ mi, máa wí.” Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín pé màmá ń bá àpótí sọ̀rọ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwa ni ohun tí ń lọ kò yé. Fálétí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ibi tí olùgbọ́ yóò ti fẹ́ dáhùn, wọn a sì dákẹ́ díẹ̀ fún un.

Eléré ni kí ó tó di oníròyìn, nítorí ní ọdún 1949 ni ó dá ẹgbẹ́ eléré kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ilé-iṣẹ́ WNTV, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, wà lára ibi tí ó ti ṣiṣẹ́. Òun ni ó kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin àti eré Baṣọ̀run Gáà. Àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n jù nínú fíìmù Ṣaworoidẹ ti ọdún 1999, níbi tí ó ti ń fi òwe sọ̀rọ̀ láàfin Jogbo bí ẹni ń ṣàwàdà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó wà nínú mi. Ohùn Ọ̀yọ́ ni ohùn tí ó ń ti Ìbàdàn wá, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú wa títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ó fún wa ní èdè tí Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ẹ̀gbá jọ gbọ́. Èrè ńlá ni. Àwa olùkọ́ ni a sọ èrè náà di pàṣán. Èmi fúnra mi ti na ọmọ rí nítorí pé ó fi ohùn Oǹdó dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì, ìdáhùn náà sì tọ̀nà. Fálétí kò rán mi níṣẹ́ yẹn. Ọkùnrin tí ohùn ìlú rẹ̀ kò tì lójú ni, ohun tí ó sì yẹ kí n kọ́ lára rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé wa ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà ní Òkè-Àró tí ó mọ àlọ́ púpọ̀ ní ohùn Àkúrẹ́. Èkó ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé, kò sì sí ẹni tí ń gbè fún un mọ́. Ó ti gbà kí a wá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ wá àgbà tiyín náà. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ mú un wá, kí àwa yòókù sì mú ẹnu wa wá, nítorí màmá ti sọ ọ́ gbangba pé bí a kò bá ní gbè, òun kò ní pa àlọ́ kankan.