Omi Wa Nínú Ìwé Ìròyìn

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń ròyìn omi àti ètò ìjọba lórí rẹ̀. Ní Kàdúná níbí, ilé wo ni kò mọ mẹ́rúwà? Ọ̀rọ̀ tó ń gba owó lápò wa lójoojúmọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ ọ̀ràn kan. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé àbádòfin kan lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lórí omi gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ní 2018, àwọn sẹ́nétọ̀ àríwá àti ti gúúsù kò fẹnu kò lórí rẹ̀, kò sì kọjá. Nígbà tó tún yọjú ní 2020, ariwo ta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó bẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí mo ń rí lójú ìwé àkọ́kọ́ ni ẹni tó bú ẹnìkejì, àti ẹ̀yà tó fẹ́ gba etí odò. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ra símẹ́ńtì tí yóò fi ṣe kànga sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dáwọ́ dúró, ó ní ìwé ìròyìn sọ pé ìjọba ti gba omi abẹ́ ilẹ̀. Símẹ́ńtì náà dì sínú àpò.

Bẹ́ẹ̀, a ti ní òfin omi láti 1993. Abala kìíní rẹ̀ fi àṣẹ lórí omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Abala kejì gbà kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ lo omi abẹ́ rẹ̀ fún ilé, ẹran ọ̀sìn àti oko ara rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. N kò sọ pé ẹ̀rù tó ba àwọn ènìyàn kò nídìí o. Àbádòfin náà fẹ́ kí àwọn tó ń gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ gba ìwé àṣẹ, ẹni tí ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí yóò fura. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé òfin àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a fojú ara wa kà á, ìyẹn ni mo wá títí tí n kò rí tó. Ní ìparí Sẹ́tẹ́ńbà 2020, aṣojú kan láti Benue ní wọn kò tẹ̀lé ìlànà ilé, wọ́n sì fà á sẹ́yìn.

Ti omi ẹ̀rọ tún yàtọ̀. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Nígbà tí Ààrẹ Bùhárí kéde pàjáwìrì lórí omi àti ìmọ́tótó ní Nòfẹ́ńbà 2018, ìròyìn ńlá ni. Àwọn oníròyìn kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń gé rìbọ́nù. Ta ló ń padà lọ lẹ́yìn ọdún kan láti béèrè bóyá iná wà tí yóò fa omi, bóyá álọ́ọ̀mù ṣì wà?

Mo ti kọ abala méjèèjì òfin 1993 náà sí Yorùbá. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá ní kànga, kó gba tirẹ̀ kó tó lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ lẹ́tà kọ, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìbéèrè, kí a jọ kọ ọ̀kan sí olóòtú.