Ta Ló Mọ Ilé Yín Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì?

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ mi ni o, bóyá ẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́ ni, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì mi nígbà yẹn. Àwa tá a wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ náà lé ní 100. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara mi ò yá. Kíá, àdúrà ti ń wọlé: "Olúwa á wò yín sàn," "Àmín," emoji ọwọ́ àdúrà lóríṣiríṣi. Mo dúpẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi.

Ní ọjọ́ kẹfà, màmá àgbàlagbà kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn wa nínú ìsìn béèrè ilé mi títí wọ́n fi rí i. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Màmá mi, kì í sì í ṣe ẹnu lásán.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Róòmù orí 16. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń fò ó, torí orúkọ ló kún ibẹ̀. Pọ́ọ̀lù ò tíì dé Róòmù nígbà tó kọ lẹ́tà yẹn, síbẹ̀ ó dárúkọ èèyàn tó lé ní 20 tó ní kí wọ́n bá òun kí. Ó kí Pírísílà àti Ákúílà, tọkọtaya tí ìjọ ń pé jọ nínú ilé wọn. Ó kí ìyá Rúfù, ó ní ìyá tòun náà ni. Pọ́ọ̀lù tí kò níyàwó nílé, ẹ wo bí ẹbí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó!

Àwa náà ń pe ara wa ní brọ́dà àti sístà. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ẹni tá a bá pè ní ẹ̀gbọ́n, ẹrù ti dé orí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wo ni ò mọ ibi tí àbúrò rẹ̀ ń sùn?

Ká sòótọ́ o: inú ń bí mi sí ẹgbẹ́ akọrin yẹn nígbà náà. Ìgbà tí ara mi yá ni mo bi ara mi pé, nínú gbogbo wọn, ilé ta lèmi náà mọ̀? Kò sí.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú orúkọ kan péré. Ẹ má tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ pè é, ẹ béèrè ilé, kẹ́ ẹ sì lọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.