Ọ̀rọ̀ Lórí Agbára Ọkùnrin
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Lọ́kọ́ja)

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwa ọkùnrin máa ń sọ sí ara wa létí nìkan. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ní ọdún 2021, ara mi kò yá sí ìyàwó mi mọ́. Mo rò pé àìtà ọjà ni. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́ta, mo ra burantashi lọ́wọ́ aláte kan ní Kpata, mo ń lá a bí iyọ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ọ̀rẹ́ kan tún fẹ́ mú mi lọ gba abẹ́rẹ́ testosterone lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tí kò gbà. Òun ni ó fà mí lọ sí ilé ìwòsàn, àṣé ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni! Burantashi náà sì tún ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i.

Testosterone ni oje tí ẹpọ̀n ọkùnrin ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó ń hu irùngbọ̀n, tí ó sì ń mú ara fẹ́ obìnrin. Bí a ti ń dàgbà, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1889, dókítà kan ní Paris, Brown-Séquard, ẹni ọdún 72, fi omi ẹpọ̀n ajá àti ẹmọ́ òyìnbó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó ní òun ti padà di ọ̀dọ́. Ìrètí lásán ni. Ọdún 1935 ni wọ́n tó rí ojúlówó rẹ̀ yọ.

Ẹni tí tirẹ̀ bá dín kù kọjá ààlà, abẹ́rẹ́ náà ń ṣe é ní àǹfààní lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi hàn: ní òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí èyí. Ọpọlọ ni ó ń ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n pé kí ó ṣiṣẹ́. Àwa oníṣòwò mọ̀ ọ́n: bí ọjà ibòmíràn bá ti kún ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò tún ránṣẹ́ sí oko? Bí abẹ́rẹ́ bá ń wọlé láti òde, ọpọlọ á dákẹ́, ẹpọ̀n á sùn, irúgbìn ọmọ lè tán nínú àtọ̀. Bí a bá tilẹ̀ dá a dúró, ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó padà. Ọkọ ń gba abẹ́rẹ́ nítorí ọmọ, abẹ́rẹ́ náà ni kò jẹ́ kí aya lóyún, ìyá ọkọ sì ń bú aya!

Tramadol tí àwọn awakọ̀ àti alábàárù ń gbé mì náà ń dín testosterone kù. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan pàápàá lè dín agbára kù. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà.

Ní tèmi, ó tó oṣù mẹ́jọ tí mo lo oògùn, tí mo sì dín ẹ̀bà alẹ́ kù, kí ara mi tó yá. Kò rí bí ti ọmọ ogún ọdún, n kò ní parọ́. Ẹni tí ojú bá ń tì láti dá lọ, kí ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́; a ó jọ lọ ní òwúrọ̀.